Ìgbà Mẹ́jọ Ni Mo Dáhùn Pé Rárá

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ẹ̀ kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, kò gbà, tí mo bá ń fọṣọ á dé, tí mo bá jókòó sínú ọkọ̀ á dé, tí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́ tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ ìgbà yẹn gan-an ló máa ń pariwo jù. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré ni: rárá. Ìgbà mẹ́jọ ni mo sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí, lójú ọmọ mi, irọ́ sì ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Mò ń kọ ọ́ síbí torí ó dá mi lójú pé kì í ṣe èmi nìkan. Ìyá tó ń dá tọ́mọ, tó jẹ́ pé ohun tó bá rí lónìí ni wọ́n máa fi jẹun lónìí, kò dìgbà tí mo bá ṣàlàyé fún un, á ti mọ ibi tí mò ń lọ kí n tó débẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni tó ń dá tọ́mọ ò sí lára ohun tí mo wá sọ.

## Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn

Obìnrin kan ló kanlẹ̀kùn. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó gbé káàdì kọ́rùn, tábúlẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì jọ pé ó ti rìn jìnnà lọ́jọ́ náà torí eruku ti bo bàtà ẹ̀. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní pẹ́, ìwádìí kan là ń ṣe lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹun, a ò ní kọ orúkọ yín sílẹ̀." Mo ní kó wọlé, mo fún un lómi, ó jókòó. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀, àbúrò ẹ̀ ti sùn.

Ó ka ìkíní jáde. Láàárín oṣù méjìlá sẹ́yìn, ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ẹ̀rù bà yín pé oúnjẹ ò ní tó yín jẹ torí pé kò sówó? Mo ní rárá. Ó fọwọ́ kan ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. Ìkejì, ṣé ìgbà kan wà tẹ́ ẹ ò lè jẹ oúnjẹ tó ń ṣara lóore? Rárá. Ìkẹta, ṣé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé oríṣi oúnjẹ díẹ̀ kan náà lẹ̀ ń jẹ ṣáá? Rárá. Bó ṣe ń béèrè ni mò ń dáhùn, nígbà tó yá mi ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí gbólóhùn mọ́, àfi bíi pé tí mo bá tètè dáhùn ìbéèrè ọ̀hún ò ní ráyè wọnú yàrá.

Ìgbà tó dé ìkẹrin, ìyẹn èyí tó ní ṣé ìgbà kan wà tẹ́ ẹ fo oúnjẹ, mo gbọ́ tí pẹ́ńsùlù ọmọ mi dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ á mọ ohun tí mò ń wí, ariwo kékeré tí pẹ́ńsùlù máa ń pa lórí ìwé yẹn, èèyàn kì í mọ̀ pé òun ń gbọ́ ọ títí á fi dákẹ́. Mi ò wò ó. Ìkarùn-ún, ṣé ohun tẹ́ ẹ jẹ kéré sí èyí tó yẹ kẹ́ ẹ jẹ. Ìkẹfà, ṣé oúnjẹ tán pátápátá nínú ilé. Ìkeje, ṣé ebi pa yín tẹ́ ẹ ò sì jẹun. Ibẹ̀ lọmọ mi ti gbójú sókè tó ń wò mí, ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo fi rí i, mo tẹjú mọ́ obìnrin yẹn mo ní rárá. Ìkẹjọ, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ pé ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ṣú, ẹ ò jẹ nǹkan kan? Ohùn mi ti lọ sílẹ̀ nígbà yẹn. Rárá.

Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà fún wa, ó lọ. Mo tilẹ̀kùn, mo sì dúró síbẹ̀ díẹ̀ láìyíjú padà. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, tí wọ́n bá bi èmi náà ní sùkúù, ṣé rárá ni kí n máa sọ?"

Kò fi ẹ̀sùn kàn mí o. Ohùn tó fi máa ń béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ló fi béèrè. Ó rò pé òfin ilé wa ni, pé bá a ṣe ń pa fèrèsé dé tí òjò bá ṣú náà la ṣe ń dáhùn tí wọ́n bá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó kàn fẹ́ mọ̀ dáadáa kó má bàa ṣe é lódì. Èmi ìyá ẹ̀, kí ni mo sọ? Mo ní, "Lọ parí iṣẹ́ ẹ." Ó tẹrí ba, pẹ́ńsùlù bẹ̀rẹ̀ ariwo ẹ̀ padà.

Irọ́ tí mo pa fún àlejò, mo lè gbé ìyẹn mì. Ìbéèrè tí ọmọ mi bi mí tí mo fi sílẹ̀ láìdáhùn, ìyẹn ni ò lọ.

## Àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ dáhùn

Lọ́jọ́ kẹta mo wá àwọn ìbéèrè yẹn lórí fóònù mi torí mo fẹ́ mọ ẹni tó jókòó tó ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ń lò wọ́n, láti 2014 ni wọ́n ti ń béèrè wọn káàkiri ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 140, ìbéèrè mẹ́jọ kan náà fún olówó àti tálákà. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ jìn sẹ́yìn ju ìyẹn lọ. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kathy Radimer, tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ mọ ọ̀nà téèyàn lè gbà wọn ebi. Wọ́n lọ bá obìnrin 32 jókòó ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn tí ọwọ́ wọn ò tó nǹkan, wọ́n ní kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí ojú wọn ń rí. Ọdún 1990 ni wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde, látibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń bí ìbéèrè títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà mi.

Ohun tí wọ́n rí gbọ́ ni pé ebi inú ilé ní àtẹ̀gùn. Ìdààmú ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí oúnjẹ ò tíì tán. Lẹ́yìn ẹ̀ wàá bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó lè kún inú, bóyá ó ń ṣara lóore tàbí kò ṣe é, o ò ní bèèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ìyá á dín tiẹ̀ kù, á tún dín in kù, á wá fo ọ̀kan, á fo èkejì. Ọmọ ló máa ń kàn kẹ́yìn, nígbà tí ìyá ò bá rí ohun tó lè yọ lára tiẹ̀ mọ́.

Mo ka ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta. Ilé mi ni mò ń kà. Àwọn obìnrin tí mi ò pàdé rí, tá ò jọ sọ èdè kan náà, ti to ìgbé ayé mi lẹ́sẹẹsẹ tipẹ́tipẹ́ kí n tó di ìyá ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀ mo rò pé ọgbọ́n tèmi ni, pé èmi ni mo dá a rò pé kí n kọ́kọ́ bu tàwọn ọmọ kí n wá mu omi gbígbóná lé àyà. Ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ̀ kó tó kàn mí ni.

Ohun tó gún mi ni pé àwọn yẹn sọ bẹ́ẹ̀ni. Ẹnì kan jókòó síwájú wọn pẹ̀lú ìwé, wọ́n sì la ẹnu. Ká ní bí mo ṣe ṣe làwọn náà ṣe ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìyá ń fo oúnjẹ kọ́mọ tó fò ó. Ìròyìn FAO àtàwọn àjọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé ní 2024, nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.3 èèyàn ni kò ní ìdánilójú oúnjẹ, látinú ìdáhùn sírú ìbéèrè yìí ni wọ́n ti rí iye yẹn, àwọn obìnrin ló sì ń pọ̀ jù níbẹ̀. Mo wá ro tèmi. Nínú tábúlẹ́ẹ̀tì obìnrin yẹn, ilé mi wà lára àwọn tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé fún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tó yẹ kí ìrànlọ́wọ́ lọ á wo apá ọ̀dọ̀ wa, á ní wọ́n ń jẹun dáadáa, á sì kọjá lọ. Kò sì ní ṣẹ̀, èmi ni mo sọ fún un.

## "Ebi ń pa mí" ò ṣeé fi ìfé wí

Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa gbọ́dọ̀ la ẹnu, kó pe nǹkan lórúkọ, torí tó bá ń súfèé kiri ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé inú ẹ̀ ló dùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa, súfèé náà la sì ń sú. "Mo ti jẹun níbi iṣẹ́." "Oúnjẹ ò wù mí jẹ lónìí." "Mo fẹ́ dín sísanra kù ni." "Inú ló ń run mí díẹ̀, ẹ máa jẹ tiyín." Mo ti lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

Irọ́ ò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa o, ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù pé wọ́n á ní ṣebí òun ló ní òun lè dá a ṣe. Ẹ̀rù pé bàbá àwọn ọmọ á gbọ́, á sọ ọ́ dẹjọ́. Ẹ̀rù pé ẹnì kan á ti ọ́fíìsì kan wá, á ní àwọn ọmọ ò rí oúnjẹ jẹ lọ́wọ́ mi, kí wọ́n kó wọn lọ síbòmíràn, èyí ló ń pa ọ̀pọ̀ ìyá lẹ́nu mọ́ jù, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kedere pé ẹ̀rù yẹn ò ṣàdédé wá, ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn kan. Ẹ̀rù pé wọ́n á fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò mọ bí màá ṣe pè é, pé tí mo bá fi ẹnu ara mi sọ ọ́, á di òótọ́ lójú ara mi náà.

Àwọn kan máa ń pe gbogbo èyí ní ìgbéraga. Mi ò gbà, mi ò sì ní gbà láé. Ìyá tó ti oúnjẹ ẹ̀ síwájú ọmọ tó tún ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń dáàbò bo orúkọ kan ṣoṣo tó kù fún un láyé, pé òun ni ìyá tó ń bọ́ ọmọ ẹ̀. Bó o bá gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù?

## Ohun tí ebi ń ṣe sí ohùn èèyàn

Mo ti máa ń rò pé tí mo bá fo oúnjẹ, èmi nìkan ni mo fi jìyà. Nínú oṣù tó kọjá, ọmọ mi kékeré da omi sílẹ̀, omi lásán o, mo sì jágbe mọ́ ọn débi pé ara ẹ̀ gbọ̀n, ó fara mọ́ ògiri tó ń wò mí. Mo wọ yàrá lọ sunkún, mo ń bi ara mi pé ṣé bí mo ṣe burú tó nìyí. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Ancel Keys bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin 36 tí ara wọn le, tí wọ́n fúnra wọn yọ̀ǹda, ni wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì fún oṣù mẹ́fà. Oúnjẹ wà, kò kàn tó ni. Wọ́n rù, ìyẹn ò yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù: inú wọn ń tètè bí, wọn ò lè pọkàn pọ̀, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù tí wọ́n ń rò, àwọn kan ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹni ń ka ìtàn, àwọn míì ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin yìí mọ ọjọ́ tí ebi wọn máa dópin. Kò sí ọmọ tó ń fà wọ́n láṣọ níbẹ̀, kò sí rẹ́ǹtì tó ń bọ̀ lópin oṣù.

Mi ò fi èyí wá àwáwí fún bí mo ṣe jágbe, mo ti bẹ ọmọ mi. Ohun tí mò ń sọ ni pé oúnjẹ tí mo yọ lára tèmi kí ebi má bàa kan ọmọ, ebi ọ̀hún náà ló gba inú ohùn mi kàn án. Ọmọ ò mọ̀ pé ebi ni. Ó rò pé ìyá òun ò fẹ́ràn òun lọ́jọ́ yẹn.

Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti máa ń ka nǹkan wọ̀nyí lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀, nínú gbogbo ilé 100 ní 2022, nǹkan bí 13 ni oúnjẹ ò dájú fún, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé tí ìyá ti ń dá tọ́mọ nìkan la kà, nǹkan bí 33 ni nínú 100. Ká wá wo gbogbo ilé tó lọ́mọ tí oúnjẹ ò dájú fún, nínú nǹkan bí ìdajì wọn, àwọn àgbà nìkan ni àìtó ọ̀hún hàn lára wọn. Wọ́n ti fara wọn gbà á. Ìdajì! Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ìyá òde òní ò mọ ìyà jẹ fọ́mọ, kó wá wo ibẹ̀.

Síbẹ̀ ọmọ máa ń mọ̀. Nígbà tí mo ronú sẹ́yìn mo rí i pé ọmọ mi àgbà ti dẹ́kun láti máa sọ pé kí n fi díẹ̀ kún tòun. Tẹ́lẹ̀ kò lè jẹun tán kó má nawọ́ abọ́. Ìgbà wo ló dáwọ́ dúró? Mi ò lè sọ. Mo tiẹ̀ ti máa ń dúpẹ́ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ò lójúkòkòrò.

## Mo padà sídìí ìbéèrè yẹn

Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó rí ẹnu sọ ọ́. A jọ ń ká aṣọ lọ́jọ́ náà, mo ní, "Ìbéèrè tó o bi mí lọ́jọ́ sí, rárá kọ́ ni ìdáhùn ẹ̀. Mo ṣì í sọ." Ó ní, "Èwo?", bí ẹni pé ó ti gbàgbé, kò sì gbàgbé. Mo sọ fún un pé owó tó ń wọlé fún mi báyìí ò tó, pé mò ń wá ọ̀nà, pé tí tíṣà ẹ̀ bá bi í bóyá ó ti jẹun kó sọ òótọ́, kò sí ẹni tó máa nà án fún ìyẹn. Mo ní, "Wíwá oúnjẹ, iṣẹ́ tèmi ni, kì í ṣe tìẹ. Tìẹ ni pé tí ebi bá ń pa ẹ́, kó o sọ fún mi." Ó ká ṣòkòtò kan tán, ó ká òmíràn. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà á máa sọ?" Mo ní màá gbìyànjú.

Mo rò pé ìwọ̀n tó yẹ kọ́mọ gbọ́ nìyẹn. Àwọn kan máa ń ka gbogbo gbèsè sọ́mọ létí, iye tó kù, ẹni tó ń lé wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò lè gbé ìyẹn. Àmọ́ tó o bá gbé gbogbo ẹ̀ pa mọ́, á fi ọkàn ara ẹ̀ parí ìtàn náà, èyí tọ́mọ bá sì fọkàn parí máa ń burú ju òótọ́ lọ.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun pẹ̀lú wọn. Ohun tó bá wà, ọ̀nà mẹ́ta ni mò ń pín in sí, bó ti wù kó kéré mọ, mo sì ń jókòó jẹ tèmi lójú wọn. Kò rọrùn. Òkèlè àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ, ó ń ṣe mí bíi pé mò ń jalè. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan á bá mi jà lórí èyí, wọ́n á ní ọmọ lo máa kọ́kọ́ bọ́, ọ̀rọ̀ parí. Èmi rò pé tí mo bá dákú, kò sí ìyá mìíràn nínú ilé yìí.

Lẹ́yìn náà mo sọ fún ẹnì kan. Ẹnì kan péré. Obìnrin àgbà kan tí ilé wa fara kanra, a ti ń kíra wa láti ọdún mẹ́rin láìkọjá ìkíni. Mo lọ bá a lọ́jọ́ kan, mo ní, "Mà, ebi ń pa wá nílé mi." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mi ò yí i po, torí mo mọ̀ pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po súfèé ni màá tún sú. Ó dákẹ́ títí, ó ní kí n jókòó, ó ní, "Ọmọ mi, mo dá tọ́ mẹ́rin. O rò pé mi ò mọ̀? Mo ti ń wo bó o ṣe ń rù, mi ò kàn fẹ́ kó jọ pé mò ń tojú bọ̀ ẹ́ nílé." Ẹ wò ó, àwa méjèèjì la ń bọ̀wọ̀ fúnra wa, ògiri kan ló sì là wá láàárín. Ní báyìí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la jọ ń dáná sójú kan, ìkòkò kan, iná kan, ohun tí òun ní àtohun tí mo ní. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lẹ́nu, ó kù ká lọ kanlẹ̀kùn.

Tíṣà ọmọ mi náà, mo lọ bá a. Mo ti múra sílẹ̀ fún àánú, irú àánú tó máa ń wo èèyàn látòkè wá yẹn. Ó kàn fa fọ́ọ̀mù kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó ní ètò oúnjẹ ọ̀sán wà fáwọn ọmọ tí ilé wọn nílò ẹ̀, pé láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù ni àyè ti wà, pé kò sẹ́ni tó máa pe orúkọ wọn ní gbangba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù! Mo fọwọ́ sí i, mo jáde, mo dúró sẹ́yìn kíláàsì, mo ń ka iye ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá.

Nípa ti owó, ohun méjì péré ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, oúnjẹ ni mò ń kọ́kọ́ rà, àwọn tó ń lé mi á dúró di ọ̀la. Mi ò sì ní yá owó orí fóònù ra oúnjẹ mọ́, àwọn tí èlé wọn ń gun ara wọn lójoojúmọ́ yẹn, torí oúnjẹ oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń jẹ láìmọ̀, tí oṣù ọ̀hún bá sì dé mo ti jẹ ẹ́ tán. Gbogbo èyí ò lé ebi jáde nílé mi o. Àná òde yìí náà, kò tó wa. Ṣùgbọ́n mi ò dá a gbé mọ́.

## Oúnjẹ wà lọ́jà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń jù sí ìyá tó ń dá tọ́mọ, pé ṣé kò rò ó kó tó bímọ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ebi sọ́rùn ẹni tí ebi ń pa, tó sì jẹ́ kí gbogbo èèyàn yòókù máa lọ láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ bá mi wò ó: nígbà tébi fi ń pa wá, ṣé oúnjẹ tán lọ́jà ni? Mo ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ó kún.

Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án bíi tèmi yìí lọ nígbà tí ìyàn ńlá mú ní Bengal ní 1943. Ní 1981 ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, pé kì í ṣe àìsí oúnjẹ lápapọ̀ ló pa àwọn èèyàn yẹn, agbára wọn láti rí i gbà ló já, owó iṣẹ́ wọn ò ká iye oúnjẹ mọ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Tí mo bá fi ojú ìyẹn wo ilé mi, kò sí ohun tó rú mi lójú mọ́: owó iṣẹ́ ẹnì kan, ẹnu mẹ́ta, kò sí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ fún mi kí n lè ṣiṣẹ́ sí i, tí ọmọ bá ṣàìsàn lọ́jọ́ kan owó ọjọ́ yẹn ti lọ. Ìṣirò ni. Ìwà mi ò sí níbẹ̀.

Láti 1948 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti kó ara wọn jọ sọ ọ́ nínú ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, àpilẹ̀kọ 25, pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ìgbé ayé tó tó fún ìlera, wọ́n sì dárúkọ oúnjẹ síbẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló mú mi dákẹ́, ó ní ipò ìyá àti ìgbà èwe ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́ pàtàkì. Ẹ̀tọ́ ni wọ́n pè é. Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ rárá yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ni mo fẹ́ tọrọ nǹkan oní-nǹkan.

Wọ́n máa ń sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Aṣọ ògbólógbòó ò lè mú mi jágbe mọ́ ọmọ tó da omi sílẹ̀.

Mi ò mọ ibi tí màá ti rí obìnrin tó ní tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn, mi ò tiẹ̀ bèèrè orúkọ ẹ̀. Tó bá padà wá, mo ti mọ ohun tí màá sọ, lẹ́sẹẹsẹ, láti ìkíní dé ìkẹjọ, mi ò sì ní rán ọmọ mi wọ yàrá kí n tó sọ ọ́.

Lánàá mo pẹ́ kí n tó délé, iṣẹ́ ló dá mi dúró. Aládùúgbò mi ti bá mi bu oúnjẹ fáwọn ọmọ, wọ́n ti jókòó tí abọ́ kan, wọ́n ti fẹ́ máa jẹ. Mo kí wọn, mo sọ báàgì sílẹ̀, mo ń bọ́ bàtà. Ọmọ mi àgbà ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé etí ẹnu mi, mo ti jẹun níbi iṣẹ́, ó ti fẹ́ já bọ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Mo ní, "Rárá. Mi ò tíì jẹun."

Ó sún àbúrò ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dìde, ó lọ mú ṣíbí kẹta wá.